Wolé-wolé ni wá, a kì í ṣe awólé-wólé

Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé:

“Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún 26 ni mí. Ètò ìlú ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì ti sin ilẹ̀ bàbá mi tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa ti fún mi níwèé iṣẹ́ ní ọ́fíìsì táàn pílánìn, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ ní kí n má gbà á, kí n wá máa ya layout, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì, fún òun, owó tí òun máa san fún mi jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù ìjọba. Ìyá mi náà kò fẹ́ iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní awólé-wólé ni wọ́n ń pe àwọn táàn pílánìn ládùúgbò wa, àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ́ èpè lé ọmọ àwọn lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí títí tí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ṣé èèyàn lè tún ìlú ṣe lábẹ́ ìjọba, àbí fáìlì ni n ó máa gbé kiri títí n ó fi darúgbó? Bí mo bá sì gbà á, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?”

Ọmọ mi, gba iṣẹ́ náà. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí o má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ gígùn tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ṣùgbọ́n má gbà á nítorí pé èmi ni mo ní kí o gbà á. Gbà á bí ọkàn rẹ bá lè gbà pé èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ilé tí wọn kò kọ́ sójú àgbàrá nítorí pé o tètè sọ̀rọ̀, ta ni yóò wá kí ọ kú iṣẹ́ lórí rẹ̀?

Jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wolé-wolé là ń pe àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tó máa ń wọ agboolé láàárọ̀, tí wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà ńbẹ̀. Àwọn ìyá wa ń sá fún wọn, ṣùgbọ́n nítorí wọn náà ni wọ́n ṣe ń tètè da omi ìjẹta nù. Nígbà tó kan àwa, àwọn èèyàn yí orúkọ náà padà. Wolé, wólé: lórí ìwé, àmì ohùn kan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí ilẹ̀, àkókò ni. Táàn pílánìn tó bá tètè dé á wo ilẹ̀, á wo ibi tí omi ń gbà, á ní kí wọ́n sún ìpìlẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èyí tó bá pẹ́ dé, ọ̀dà pupa ló máa mú lọ́wọ́, kátàpílà á tẹ̀ lé e. Ọdún 35 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí mo bá da gbogbo ìjà tí mo jà níbẹ̀ pọ̀, ìjà kan ṣoṣo ni: kí a dé kí típà àkọ́kọ́ tó da yanrìn sílẹ̀.

Ohun tó mú ìjà yẹn le ni pé ẹ̀yìn àjálù ni wọ́n bí iṣẹ́ wa sí nílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì jà láàárín àwọn agboolé tó fún mọ́ra wọn. Ọdún 1928 ni ìjọba amúnisìn tó dá àjọ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú náà tò. Láti 1955, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun wà níbẹ̀, títì tó gún régé wà. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó lọ bá àwọn tí wọ́n kó lọ sọ̀rọ̀ nígbà náà, rí ohun tí àwòrán kò fi hàn: àwọn obìnrin tó ń tajà pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn, ẹbí tó ń fojú kan ara wọn lójoojúmọ́ wá jìnnà síra. Mo gbà pé ilé tó mọ́ ni ẹni tó ya àwòrán náà fẹ́ fún wọn. Kò bi ìyá aláte léèrè ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé ni. Ní ti Máròkó, àdúgbò kan ní Èkó tí ìjọba wó ní oṣù keje ọdún 1990, kò tilẹ̀ sí Sùúrùlérè tí wọ́n ń kó gbogbo èèyàn lọ: nǹkan bí 300,000 èèyàn ló pàdánù ilé wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ ni èpè tí ìyá rẹ ń bẹ̀rù ti wá. Má bá wọn jiyàn lórí rẹ̀. Sọ fún wọn pé o mọ̀ ọ́n.

Ìbàdàn ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1980. Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù kẹjọ, tí odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀, tó gbé ilé, tó gbé mọ́tò, tó sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi kọnkéré tẹ́ ojú odò náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, adágún Eléyẹlé tó ti wà láti 1942 kún kọjá ààlà, afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, èèyàn tó ju 100 lọ sì kú káàkiri ìlú. Ní 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà àgbàrá ní Ìbàdàn. Wo bí ọjọ́ ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn. Ọdún 31 ló wà láàárín omi kìíní àti èkejì yìí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ẹnì kan ń ra ilẹ̀ létí odò, tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù, tí ọ́fíìsì kan ń gba fáìlì tàbí tí kò rí fáìlì kankan gbà. Ọdún 31 yẹn ni iṣẹ́ tìrẹ. Ọjọ́ tí omi bá dé, iṣẹ́ àwọn panápaná ni.

Èmi náà ti pẹ́ dé rí, mo sì fẹ́ kí o mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ẹbí kan mú layout wá sí ọ́fíìsì wa, pulọ́ọ̀tì 44, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ títì, wọ́n yọ ilẹ̀ ilé ìwé, wọ́n yọ ibi ìṣeré ọmọdé. Ní igun àríwá, sọ́féyọ̀ ti fa ìlà kan tó ń já, tó ń já, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ. Mo rí i. Oṣù kejì ni, ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, mọ́tò ọ́fíìsì kò sì ní epo. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ní odò gbígbẹ ni, mo buwọ́ lù ú.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, tíṣà kan wá sí ọ́fíìsì, ó ní kí ẹnì kan jọ̀wọ́ bá òun délé. Èmi ni wọ́n rán. Kò mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà lórí ìwé àdúgbò wọn. Ó mú mi wọ yàrá àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí n wo ògiri. Ìlà kan wà lára rẹ̀ tó ga dé ìbàdí mi, òkè rẹ̀ funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi tíì. Ìlà mẹ́ta mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi pẹ́ńsù kọ déètì sí. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ó ti rí i ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ń fi pẹ́ńsù fàlà sára ògiri láti fi mọ bí àwọn ọmọ ṣe ń ga sí i, òun náà wá ń ṣe é fún omi.

Mo sọ fún bàbá náà níbẹ̀ pé èmi ni mo buwọ́ lù ú. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní, “Mà, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìnkùlé.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà wá ní ọdún mẹ́ta kí a tó rí nǹkan ṣe sí i. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù dá owó, a rí kọ́fátì, ojú omi abẹ́ títì, méjì gbà lọ́wọ́ ìjọba, mọ́gàjí ẹbí náà sì yọ̀ǹda pulọ́ọ̀tì méjì tí wọn kò tíì tà kí omi lè rí ibi gbà. Omi kò wọ yàrá yẹn mọ́. Ìlà náà ṣì wà lára ògiri ìgbà tí mo lọ kí wọn gbẹ̀yìn, wọn kò fẹ́ kùn ún bò. Lítà epo mẹ́wàá ni ìbá ná mi láti lọ wo ilẹ̀ yẹn kí n tó fọwọ́ sí i, tàbí kí n fi ẹsẹ̀ mi rìn débẹ̀.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ní yunifásítì lórí ìlú tó máa tọ́jọ́ dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ wa. Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, lọ sí Òṣogbo. Igbó Òṣun tó hẹ́kítà 75, ó wà ní etí ìlú tó ń gbòòrò lójoojúmọ́, odò sì ń ṣàn láàárín rẹ̀ pẹ̀lú bèbè rẹ̀ méjèèjì lódindi. UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Ibi ìsìn ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú di ìyẹn. Lójú èmi tí mo jẹ́ aṣètò ìlú, òun náà ni sẹ́tíbáàkì odò, ìyẹn ilẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sí létí odò, tó dára jù nílẹ̀ Yorùbá. Èèwọ̀ ni láti pa ẹja rẹ̀, èèwọ̀ ni láti gé igi rẹ̀, èèwọ̀ yẹn sì ṣe ohun tí òfin tiwa ò rí ṣe níbi púpọ̀. Síbẹ̀ èèwọ̀ nìkan kò tó. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ti ń pẹja, àwọn olùrà ilẹ̀ náà sì ti gbé ojú lé e. Susanne Wenger, tí Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà àti olórìṣà tó bá a ṣe, ni wọ́n dìde dúró. Ère tí wọ́n gbẹ́ sínú igbó yẹn lẹ́wà, àmọ́ ohun tó ń wú mi lórí ju ère lọ ni pé wọ́n dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ náà tó di pulọ́ọ̀tì.

Ìlú kejì tí mo fẹ́ kí o kà nípa rẹ̀ ni Curitiba, ní gúúsù ilẹ̀ Bràsíl. Odò ń da ìlú náà láàmú bí ó ṣe ń da Ìbàdàn láàmú. Jaime Lerner, ẹni tó di olórí ìlú ibẹ̀ ní 1971, ti ṣiṣẹ́ ní IPPUC, ọ́fíìsì ètò ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1965. Ó mọ fáìlì kí ó tó mọ àga. Nígbà tirẹ̀, dípò kí wọ́n fi kọnkéré há odò mọ́, wọ́n gba ilẹ̀ bèbè odò, wọ́n sọ ọ́ di páàkì. Páàkì Barigui ti 1972 ní adágún kan nínú tó ń gba omi nígbà tí òjò bá le. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn èèyàn ń sáré níbẹ̀, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, ọmọdé ń ṣeré. Omi ní ibùgbé tirẹ̀, kò wá a lọ sí yàrá ẹnikẹ́ni. Láti ìlú kan náà, ní 1974, ni bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì ti bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ìlú káyé wá ń wò ó kọ́, títí tí BRT Èkó fi gbéra ní oṣù kẹta ọdún 2008 láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22.

Ẹ̀gbọ́n rẹ wá ńkọ́? Kì í ṣe ọ̀tá rẹ, má ṣe bá a jà. A nílò ẹni tó ń ya layout dáadáa fún àwọn tó ń ta ilẹ̀, mo sì mọ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tó ń ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn. Ṣùgbọ́n wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bí o bá fi pulọ́ọ̀tì mẹ́rin sílẹ̀ fún omi nínú layout ẹ̀gbọ́n rẹ, owó ẹ̀gbọ́n rẹ lo fi sílẹ̀. Ó lè gbà fún ọ lẹ́ẹ̀kan nítorí ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọ́. Ìgbà kẹta, á ní o fẹ́ sọ òun di onígbèsè. Ìjọba nìkan ló lè sọ pé ilẹ̀ yìí, a kò tà á, àwọn tí a kò tíì bí ló máa lò ó, tí ọ̀rọ̀ náà á sì dúró bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ bá ń ṣọ́ ọ.

Ronú lórí ọkọ̀ ojú irin Èkó. Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó nígbà náà, ló gbé Metroline dìde ní 1983, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2, kìlómítà 13. Ojú ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Jakande, ṣùgbọ́n ogójì ọdún ni ìlú fi dúró de ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀, Jakande sì ti kú ní 2021. Lójú mi, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ nìkan. Ọkọ̀ ojú irin tí yóò wọ ìlú rẹ ní 2065, ilẹ̀ tó máa gbà wà níbẹ̀ lónìí, koríko ló wà lórí rẹ̀, ẹnì kan sì máa tó mú fáìlì wá sí tábìlì rẹ pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i.

Mọ ibi tí agbára rẹ ti wá, nítorí wọ́n á máa bi ọ́. Òfin ètò ìlú ti 1946 ni àwọn ọ̀gá wa àkọ́kọ́ lò. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tuntun, Decree 88, ní 1992. Ní 2003, nígbà tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tó fún ọ níṣẹ́ yìí gan-an ni ibi tí iṣẹ́ wà. Wá òfin tirẹ̀ kà láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kí o sì mọ ìwọ̀n mítà tó yọ sílẹ̀ fún bèbè odò lórí. Èkó tún iṣẹ́ náà pín nínú òfin 2010: LASPPPA ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ń ṣọ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, LASURA ń mójú tó àdúgbò tó ti gbó.

Èyí tí ìwé òfin kò ní sọ fún ọ ni pé ibi méjì ni ilẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá. Lórí ìwé, láti 1978 tí òfin lílo ilẹ̀ ti dé, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo ará ìlú. Lójú pópó, ẹbí ló ń tà á, ọmọ onílẹ̀ ló ń gba owó rẹ̀. Bí o bá jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ti orí ìwé, ti ojú pópó á ti tán kí o tó mọ̀. Èmi kò mọ èyí títí mo fi lo ọdún 12 lẹ́nu iṣẹ́. Mo wá kíyè sí i pé ilẹ̀ máa ń jáde fún títà lẹ́yìn òkú àgbà. Bàbá tó ní kí wọ́n má tà á ti lọ, ìnáwó òkú ti kó wọn sí gbèsè, àwọn ọmọ sì ń pín ogún. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ìwé ìkéde òkú bàbá onílẹ̀ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kan odò tàbí títì tí a fẹ́ fẹ̀, mo máa ń lọ kí ẹbí náà. Ìkíni ni mo bá lọ lóòótọ́, n kì í mú fáìlì dání. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo tún padà, mo á bá mọ́gàjí sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ rẹ̀: “Bàbá, kí ẹ tó pe sọ́féyọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ rìn ín.” Nínú ẹbí bíi ogún tí mo lọ bá báyìí, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀ ju àwọn tí kò gbọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa fi orúkọ bàbá òun pe àdúgbò tí omi ń gbé lọ.

Ní ti owó, òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ sọ. Level 08 ni wàá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dìgírì, kò sì ní tó ọ. Wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọ́fíìsì ní oṣù àkọ́kọ́. Owó ibẹ̀ ni mo fi kọ́ ilé mi, ọdún 14 ló gbà mí, àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti kọ́ méjì nígbà náà.

Àwọn kan nínú wọn kọ́ ilé tiwọn lọ́nà tí ìwọ náà máa tó rí. Ní ọdún kejì mi, ọkùnrin kan gbé fáìlì fún mi, mo ṣí i, àpò ìwé kan jábọ́ láàárín rẹ̀. Ó ní owó epo ni. Ẹnu yà mí, n kò mọ ohun tí mo lè sọ, mo kàn gbé e padà fún un lójú gbogbo ẹni tó wà ní yàrá. Wọ́n bínú sí mi fún oṣù mẹ́ta. Ohun tó wá gbà mí kì í ṣe ìwàásù, ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ ni. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá mú fáìlì wá ni mo máa ń kọ gbogbo ohun tó kù fún un sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ó má baà sí “kan tún kù” ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí fáìlì ṣe dé ni mo ń tọ́jú wọn, ẹni àkọ́kọ́ ni àkọ́kọ́. Bí mo bá kọ̀ ọ́, mo á kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú déètì, kí ọ̀gá tó bá fẹ́ yí i padà lè buwọ́ lu ìyípadà tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ buwọ́ lù ú. N kì í sì dá lọ sí orí ilẹ̀, n kì í wọ mọ́tò ẹni tó ni fáìlì.

Má jẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba mú ọ gbàgbé ẹgbẹ́ rẹ. NITP, ẹgbẹ́ àwa aṣètò ìlú ní Nàìjíríà, ti wà láti 1966. Gbìyànjú kí o ṣe ìdánwò wọn láàárín ọdún mélòó kan, kí o sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, àjọ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1988 láti máa mójú tó iṣẹ́ wa. Kì í ṣe nítorí “Tpl.” tí wọ́n á fi síwájú orúkọ rẹ. Ọjọ́ tí ọ̀gá kan bá ní kí o fọwọ́ sí ohun tí kò dára, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tó lè bọ́ lọ́wọ́ òun ní ìdí tó lágbára láti kọ̀.

O wá bi mí pé kí ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n máa fún ọ ní tábìlì, wọn kò ní fún ọ níṣẹ́ kankan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ sí yàrá ìkówèésí, wá àwọn layout àtijọ́, kí o sì béèrè máàpù 1:50,000 tí àwọn sọ́féyọ̀ ìjọba àpapọ̀ tẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n odò tí ilé ti bò mọ́lẹ̀ lónìí ṣì ń ṣàn lórí rẹ̀. Ṣí Google Earth sórí kọ̀ǹpútà, fà á padà sẹ́yìn lọ́dọọdún, wàá rí bí òrùlé ṣe ń rákò lọ síbi omi. Mú odò kan, ọ̀kan péré, èyí tó sún mọ́ ọ́fíìsì jù. Rìn ín láti orísun rẹ̀ dé ibi tó ti kó sínú òmíràn. Bi àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí rẹ̀ léèrè, bi bàbá tó ń tún táyà ṣe, bi àgbà tó pẹ́ jù ládùúgbò pé ibo ni omi dé lọ́dún tó pọ̀ jù. Wọ́n á fi ọwọ́ hàn ọ́ lára ògiri. Wọn ibẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, fi fóònù rẹ gba ojú ibẹ̀. Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta, ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí ńlá kan, kọ orúkọ àwọn ibi náà ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń pè é, kí o sì gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn tó ń mú fáìlì wá máa ń jókòó sí. Èmi ṣe irú rẹ̀. Àwọn kan wò ó, wọ́n dìde, wọ́n gbé fáìlì wọn, wọ́n lọ gba owó wọn padà lọ́wọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ fún wọn, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ra bàtà òjò kí o tó ra táì. Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ní kí o bẹ̀rẹ̀, òjò á ṣì wà nílẹ̀, odò á sì fi ibi tó ń dé hàn ọ́.